Àpò Yanrìn Ẹnu Ọ̀nà Wa

Nínú àgbàlá tí a ń gbé ní Addo, lágbègbè Ajah, Alága Àpò ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Ẹnikẹ́ni kò dìbò fún mi. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú díẹ̀, mo máa ń jáde lọ yẹ àpò yanrìn ẹnu ọ̀nà mi wò, màá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí awakọ̀ tó ń tẹ táyà wò kó tó gbéra lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. Mi ò bínú. Wọn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí omi ká mi mọ́lé ní Awoyaya.

Ibẹ̀ ni a gbé kí a tó kó wá síbí. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ rìnrìn àjò, èmi nìkan ló wà nílé. Mo jí láàárọ̀, mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ mi sì bá omi pàdé. Mo kọ́kọ́ rò pé mo tọ̀lé ni. Kí n tó ro èyí tán, omi ti ń wá orúnkún mi bọ̀, bàtà mi ẹsẹ̀ kan sì ti gba pálọ̀ lọ láìdúró dè mí. Mo gun orí fìríìsà, mo di irin fèrèsé mú, mo sì ń ké títí àwọn ará àdúgbò fi mú okùn dé. Wọ́n ní kí n bọ́ sílẹ̀, pé omi náà kò ju àyà lọ. Àyà ta? Èmi kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, èmi kò sì ga. Nígbà tí wọ́n máa fi fà mí jáde, mo ti mu nínú omi náà ju ohun tó yẹ kí èèyàn mu lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí omi bá ti kan ọrùn ẹsẹ̀ mi níbi tí mi ò ti lọ wẹ̀, ẹsẹ̀ mi máa ń da iṣẹ́ sílẹ̀. Mo lè máa pàṣẹ fún un, kò ní gbọ́. Wọ́n ní ẹni tí ejò ti ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ní tèmi, bí mo bá rí garawa omi tó kún jù, mo máa ń yà fún un.

Ẹ̀rù náà ì bá mọ sórí èmi nìkan, àmọ́ ọdún tí mò ń sọ yìí ni màmá mi wá gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ṣubú nílé wọn ní ìlú wa, egungun itan wọn ṣẹ́, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Dókítà ní wọn kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀ rárá, àfi ìgbà tí òun bá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Pé bó bá tún yẹ̀, kò dájú pé wọ́n á rìn mọ́. Ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ń gbé. A tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn sí yàrá ẹ̀yìn, nítòsí balùwẹ̀. Bí mo bá ti wò wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń rò: bí omi bá dé, èmi á gun fìríìsà. Ta ni yóò gbé màmá mi gun fìríìsà?

Ìyàwó mi ní, “Dádì, ilé yìí ga ju ti Awoyaya lọ. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Mo ní mo ti fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra òfìfo àpò ìrẹsì.

Yanrìn wà lẹ́yìn gẹ́ètì, ti Bàbá Onílé ni. Ọmọ bíbí Ajah ni Bàbá. Ẹbí wọn ló ni ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ tó yí wa ká nígbà kan, wọ́n sì ti tà á títí tó fi ku ilé yìí àti òkìtì yanrìn náà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bu yanrìn díẹ̀, nítorí omi.”

“Omi wo? Òjò ò tíì rọ̀.”

“Kó tó rọ̀ ni, sà.”

Bàbá wò mí bí ẹni ń wo ojú ọjọ́. “Ibi tí o dọ̀bálẹ̀ sí yẹn, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹja là ń pa níbẹ̀.”

“Ta ló wá tà á fún èèyàn?” Ohùn Àǹtí Òkè ló dá sí i. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Àǹtí Òkè, orí wa gan-an ni wọ́n ń gbé, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá tí wọn kì í fi ẹnu sí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè.

“Èmi ni mo tà á,” ni Bàbá dáhùn, ojú ò tì wọ́n rárá. “Mo ta ẹja náà mọ́ ọn. Lọ bu yanrìn, jàre.”

Mo fi odindi ọjọ́ Sátidé rọ yanrìn sínú àpò. Àárín iṣẹ́ ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Sítọ́ọ̀ ni mò ń bójú tó níbi iṣẹ́ mi ní Lẹ́kkí Phase 1, mo sì ti rí àwọn òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń po sìmẹ́ńtì gbígbẹ mọ́ yanrìn kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú àpò tí wọ́n fi ń dí etí gọ́tà ńlá. Yanrìn lásán lè ṣàn lọ. Ó sàn kí èèyàn ṣọ́ra. Mo ra sìmẹ́ńtì, mo pò ó mọ́ ọn, mo to àwọn àpò náà lé ara wọn bí búlọ́ọ̀kù títí wọ́n fi dé itan mi, mo sì na tàpólì sí iwájú wọn. Mo fi pákó kan ilẹ̀kùn kíṣìnnì pa. Mo tiẹ̀ fi ọṣẹ dí ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

“Alága Àpò,” Àǹtí Òkè ké láti òkè, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀, “ṣé omi náà ní kọ́kọ́rọ́ ni?”

Ìyàwó mi ní láti ká ìró sókè kó tó lè jáde. “Dádì, ṣé gbogbo àdúgbò ni yóò máa wo orúnkún mi nítorí omi tí ò tíì dé?”

Mo ní kó máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ariwo iṣẹ́ mi dé yàrá ẹ̀yìn. “Ṣé ogun ń bọ̀ ni?” ni màmá mi bi mí.

“Omi ni, Màmi.”

“Kò tíì kan ilẹ̀kùn, o ti ń sọ fún un pé o ò sí nílé.”

Ó wá ku omi òrùlé. Bí òjò bá rọ̀, iwájú ilé ni omi òrùlé wa máa ń ya sí. Mo bẹ Bàbá Onílé títí wọ́n fi gbà mí láyè. Mo ra páìpù, mo so ó mọ́ gọ́tà òrùlé, mo sì darí rẹ̀ sínú sókàwéè, kòtò abẹ́ ilẹ̀ tí omi balùwẹ̀ gbogbo ilé ń lọ. Omi á bọ́ sábẹ́ ilẹ̀, kò ní rí àgbàlá. Bàbá rìn yí páìpù náà ká, wọ́n mi orí. “O gbọ́n,” ni wọ́n wí. Àwa méjèèjì la jọ gbọ́n bẹ́ẹ̀.

Òjò wẹẹrẹ kan rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó rin àwọn àpò náà, oòrùn sì gbẹ wọ́n. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n, wọn ò mira. Mo yin ara mi.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni òjò gidi dé. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi dúró ti màmá mi. Òjò náà kò bẹ̀rẹ̀ bí òjò, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n yí táńkì dànù. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo gbé àga sẹ́yìn àpò, mo gùn ún, mo sì ń yọjú wo àgbàlá. Omi gba ẹnu gẹ́ètì wọlé, ó gba iwájú yàrá Bàbá, ó dé ìdí àtẹ̀gùn kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ó sì dúró síbẹ̀. Mo ṣọ́ ọ. Kò gòkè.

“Àǹtí!” mo ké. “Omi ò wọlé o!”

“Ẹ kú oríire, Alága! Ẹ káre!”

Mo ṣì ń juwọ́ sí wọn nígbà tí màmá mi pè mí.

“Ta ló ń wẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó ń wẹ̀, Màmi. Àwa méjì náà la wà nílé.”

“Nǹkan ń hó ní balùwẹ̀.”

Mo yíjú padà. Omi ti jáde láti balùwẹ̀, ó dúdú, ó ń rọra bọ̀ bí àlejò tó mọ inú ilé. Omi òrùlé tí mo darí sínú sókàwéè ti kún un dẹ́nu, kò ríbi lọ mọ́, ó sì ń gba ihò balùwẹ̀ wa padà sókè. Àgbàlá rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ ilé wa lọ. Omi náà ì bá kàn gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ ní tirẹ̀. Àwọn àpò mi ni kò jẹ́.

Póò tí màmá mi ń tọ̀ sí lóru ló ṣíwájú, ó léfòó, ó ń pòòyì.

“Póò mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ,” ni wọ́n ké láti yàrá. “Gbà á.”

Ẹsẹ̀ mi ti da iṣẹ́ sílẹ̀. Láti orí àga, mo di àpò òkè pátápátá mú, mo fà á. Kò mira. Mo fa èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ògiri ni mo fi ọwọ́ ara mi mọ sẹ́nu ọ̀nà. Fún ìgbà díẹ̀ ni mo pe sìmẹ́ńtì, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un. Èmi lè gun ògiri náà kọjá. Màmá mi ńkọ́?

“Ẹ gbà wá o!”

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní omi ò wọlé ni!” Àǹtí Òkè dáhùn.

“Inú ló ti wá!”

“Inú ta?”

“Inú ilé, Àǹtí! Ẹ pe Bàbá!”

Bàbá Onílé dé tàwọn ti díígà, wọ́n fi láílọ́ọ̀nù dúdú bo fìlà wọn. Àǹtí Òkè tẹ̀lé wọn, wọ́n mú òòlù dání. Bàbá gbé díígà sókè, wọ́n sọ ọ́ mọ́ àpò. Ó dún ganran.

“Kí lo rọ síbí?”

“Yanrìn ni, sà.”

“Yanrìn wo ló ń ta iná?”

Omi ti ń kan ẹsẹ̀ àga mi, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí mo ṣe ké ní Awoyaya, láìmọ̀ pé mò ń ké. Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún ní yàrá ẹ̀yìn. Láti ibi tí mo wà, mo rí inú yàrá náà gbangba. Màmá mi ti dìde jókòó. Wọ́n ti ju aṣọ ìbora sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ wọn tó dára ti wà nínú omi, wọ́n sì ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bọ̀ sílẹ̀.

“Màmi! Kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Mò ń bọ̀.”

“Ẹ̀ ń bọ̀ níbo?”

“O ò mọ̀ ọ́n wẹ̀,” ni wọ́n wí, bí ẹni pé àárín ọ̀sà ni mo wà. “Dúró síbẹ̀. Di nǹkan mú. Mò ń bọ̀ wá gbé ọ.”

Omi náà kò tíì dé àárín ojúgun. Èmi tí egungun mi pé ni mo wà lórí àga. Màmá mi tí tiwọn ṣẹ́ ló fẹ́ wá yọ mí.

Mi ò ní sọ fún yín pé ìgboyà dé. Kò dé. Mo dijú, mo sọ̀kalẹ̀. Omi náà tutù. Mo fi ọwọ́ kan tọ ògiri, mo fi èkejì di ṣòkòtò mi mú, mi ò mọ ohun tí mo rò pé ṣòkòtò fẹ́ ṣe fún mi, mo sì ń rìn. Mo kọlu nǹkan kan nínú omi, mo ní, “Ẹ má bínú.” Póò ni. Ìgbà tí ọwọ́ mi kan orúnkún màmá mi ni mo tó la ojú. Mo gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn kó tó kan ilẹ̀, mo gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó, mo gbé e lé itan mi, mo sì dì í mú.

“O ti dì í mú jù,” ni màmá mi wí.

“Òtútù ni, Màmi.”

“Hẹn. Òtútù ni.”

A jókòó bẹ́ẹ̀, à ń gbọ́ díígà. Nígbà tó yá, Bàbá rí ibi tí sìmẹ́ńtì kò pọ̀ sí. Àpò kan fọ́, èkejì ṣí, omi sì ráyè, ó yára jáde lọ bá ti àgbàlá. Póò bá a lọ. Bàbá fò yà fún un. Àǹtí Òkè rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sínú òjò lórí àtẹ̀gùn.

Ẹ̀rín tán, wọ́n di nọ́ọ̀sì padà. Wọ́n ní ká gbé màmá mi sórí àga oníke. Èmi wà lẹ́yìn, Bàbá wà níwájú, Àǹtí fúnra wọn na ẹsẹ̀ náà gbọọrọ, wọ́n dì í mú. A sì ń gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀.

“Màmá, ẹ wúwo o,” ni Bàbá wí, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ọmọ mi ń bọ́ mi ni,” ni màmá mi dáhùn. “Ta ló ń bọ́ ẹ̀yin?”

Àǹtí Òkè tẹ́ màmá mi sórí bẹ́ẹ̀dì tiwọn lókè. Wọ́n tẹ itan náà níhìn-ín lọ́hùn-ún, wọ́n yẹ ojú abẹ wò. “Kò yẹ̀,” ni wọ́n wí níkẹyìn. “Kò sí nǹkan tó ṣe é.” Mo jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì.

“Màmi,” ni mo wí, “bí òjò bá ti dá, màá gbé yín padà sílé yín ní ìlú wa. Orí òkè ni ilé náà wà, omi kì í dé ibẹ̀.”

“Ta ló máa wá wà lọ́dọ̀ rẹ?”

“Ìyàwó mi wà níbẹ̀ kẹ̀.”

“Ìyàwó rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n sì dijú. Láti ìsàlẹ̀, Bàbá Onílé ń pariwo pé kí Alága wá gbá omi ilé rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé màmá mi ò tíì fi mí sílẹ̀.