Àpótí Tí Mo Ń Ní Kó Sún Sẹ́yìn

Ẹ forí jì mí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kà á. Orí mi ò gba nǹkan dúró mọ́. Ohun tí mo bá gbé síbẹ̀ láàárọ̀, mi ò ní bá a níbẹ̀ tó bá dọ̀sán. Ṣùgbọ́n èyí ò kúrò níbẹ̀.

Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ọ́, àbúrò rẹ obìnrin ni mò ń sọ. Nígbà tó ṣì kéré, wọ́n mú un níléèwé pé kó lọ díje sáyẹ́ǹsì n'Íléṣà. Tó bá yege, wọ́n á gbà á síléèwé ńlá kan. Dókítà ló lóun fẹ́ dà.

Èmi ò kàwé, télọ̀ ni mí l'Ókè Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun téèyàn bá ń ṣe lójoojúmọ́ ló ń mọ́ ọn lára. Mo kun pákó ní dúdú, mo gbé e kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Tá a bá ti kírun Àlààsárì tán, wàá kọ ìbéèrè mẹ́wàá síbẹ̀, wàá kà á síta, òun á dáhùn, títí Mọ̀gàríbì. Tíṣà rẹ̀ ní lọ́hùn-ún n'Íléṣà, ara ògiri nìbéèrè á ti máa hàn, wọ́n á sì jókòó jìnnà sí i. Mo bá fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ fa ilà sílẹ̀, pé ibẹ̀ ni kí àpótí tó ń jókòó lé wà.

Ojoojúmọ́ ló ń sún un síwájú.

"Sún un padà."

"Bàbá, ẹ jẹ́ n fi awò ojú yín wò ó."

"Awò àgbàlagbà? O fẹ́ fọ́jú ni? Sún un padà jàre."

Ìwọ náà á ní, "Kúkú gun pákó náà, ìyá dókítà!" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Tó o bá sì ti ka ìbéèrè síta, kì í ṣì í.

N'Íléṣà, wọn ò ka nǹkan kan síta. Àwọn ọmọ yòókù ń nawọ́, tiwa ń ṣẹ́jú mọ́ ògiri.

"Ta ló lọmọ tó ń sùn yẹn?" Obìnrin kan ló sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò sọ pé èmi ni.

Láti Iléṣà dé Òṣogbo, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo bá a sọ nínú mọ́tò: "O dójú tì mí."

Kò jókòó ti ìwé mọ́. Ó lóun ò lórí ìwé, ó lọ kọ́ṣẹ́ irun. Ó ti ń dá ṣe é kí àwọn dókítà tó wá ń yẹ ojú wò lọ́fẹ̀ẹ́ l'Álékúwodò. Èmi ló sìn lọ o, wọ́n bá yẹ tiẹ̀ náà wò. Wọ́n ní láti kékeré ni kò ti ń rí ọ̀ọ́kán.

"Bàbá, ẹ ò mọ̀ ni?" Dókítà ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tó gba awò tiẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ti pariwo: "Háà, Bàbá, bẹ́ ẹ ṣe hewú tó nìyí!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ títí dòní. Ó ń wúwo lẹ́nu mi. Òun ló ń dirun fún oníbàárà níta yẹn. Ó yá, ka gbogbo ẹ̀ padà fún mi. Kà á sókè, kó gbọ́.