Ìgò Bọ́bọ̀nì Méjì Tó Jọra

Kékeré ni mo wà, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà tán ni, nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ènìyàn lè la ojú sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan kó má sì rí ohunkóhun. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, mi ò kọ ọ́ láti fi dẹ́rù bà yín. Èmi fúnra mi ni ẹ̀rù ń bà, láti ìgbà náà títí di òní. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ síta, bóyá yóò fúyẹ́ díẹ̀ lọ́kàn mi.

Etí omi la ń gbé ní Warri. Ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá àti ìyá mi, bíi ti ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wa. Èdè Ìlàjẹ la ń sọ nílé, Yorùbá la fi ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí a bá sì ti bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, Píjìn ló kù. Bàbá mi kì í ṣe apẹja. Akọ̀wé ni ní èbúté, òun ló máa ń gun orí ọkọ̀ òkun láti yẹ ẹrù wò kí wọ́n tó já a sílẹ̀. Àwọn atukọ̀ Amẹ́ríkà fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó máa ń bá wọn ṣàwàdà, nígbà mìíràn wọn a fún un ní ìgò ọtí kan pé kó máa mú lọ sílé. Báyìí ni wisikí Amẹ́ríkà ṣe wọ ilé wa, ilé tí ìyá mi ti ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi tí kò fẹ́ fojú rí ọtí rárá.

Ẹ má rò pé ọ̀mùtí ni bàbá mi o. Kì í mu àmupara. Ìtọ́wò ló fẹ́ràn. Bí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi bá ti parí, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta àwọn nǹkan inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, wọn a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa pẹ̀lú ife kéékèèké àti omi tútù. Bàbá Ìjẹ̀bú ni a ń pè é. Wọn a gbé ife sí imú, wọn a dijú, wọn a fi ọtí yí ẹnu ká kí wọ́n tó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún un ní máàkì. Ìdérí ìgò mínírà ni wọ́n fi ń ṣe é: èyí tó bá dára jù a gba ìdérí márùn-ún, èyí tó bá burú a gba ẹyọ kan.

Bàbá mi a máa ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ mi ní ìṣirò. Ó ní àgbàdo ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́bọ̀nì, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn, tí òórùn rẹ̀ sì dà bí àádùn tí iná rà díẹ̀. Ó ní ráì ní tirẹ̀, ọkà kan tí kì í hù lọ́dọ̀ wa ni wọ́n fi ń ṣe é, a sì máa ta ẹnu bí iyèré. Inú àgbá onígi tí wọ́n ti fi iná jó nínú ni méjèèjì ti ń gba àwọ̀ pupa yẹn. Òórùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Kò jẹ́ kí n fẹnu kàn án rí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Bàbá Ìjẹ̀bú dé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sì gbé ìgò kan kalẹ̀ lórí tábìlì. Ìgò náà jọ bọ́bọ̀nì tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa bí ìbejì: ìwé ara kan náà, àwòrán kan náà, ìdérí dúdú kan náà. Ó ní lọ́wọ́ ọkùnrin kan létí omi ni òun ti rà á, pé inú ọkọ̀ òkun ló ti bọ́.

“Ìwọ nìkan kọ́ lo mọ ọ̀nà ọkọ̀ òkun,” ó sọ fún bàbá mi. “Gbé tìrẹ wá, ká fi wọ́n wéra.”

Bàbá mi gbé tiwa jáde. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣí i, wọ́n ti mu lára rẹ̀ nígbà Àjíǹde, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Wọ́n tọ́ tiwa wò, wọ́n tọ́ ti Bàbá Ìjẹ̀bú wò. Bàbá mi tún gbé èyí ìkẹyìn yìí sí imú, ó wá mú ìdérí kan ṣoṣo, ó fi sí iwájú rẹ̀.

“Ó ṣófo,” ó wí. “Ó dùn lórí ahọ́n, àmọ́ kò sí ohun tó tẹ̀ lé e.”

Inú bí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó da gbogbo ìdérí rẹ̀ síwájú ìgò tirẹ̀, ó tún bu ife mìíràn, ó tún bu òmíràn, kó lè fi hàn pé owó òun kò bọ́ sómi. Bàbá mi kò fẹ́ dójú tì í, nítorí náà ó mu èyí tó kù nínú ife rẹ̀, ó sì gba ìkan sí i. Nígbà tí Bàbá Ìjẹ̀bú fi máa lọ, ọtí inú ìgò méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyá mi fi àkísà di ìgò méjèèjì mú, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kàn wọ́n, ó sì tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi jí pẹ̀lú orí fífọ́, ó sì ń bì. Ìyá mi ní ibà ni. Ó ní kí n gbé omi fún un. Mo na ife sí i, ọwọ́ rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó ń wá a kiri nínú afẹ́fẹ́. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré, mo sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú rẹ̀.

“Kí ló dé tí gbogbo yàrá funfun báyìí?” ó bi mí. “Ṣé ẹ ń dáná ni?”

A kò dáná. Ife bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọkọ̀ takisí kan ló gbé wa dé ilé ìwòsàn kékeré kan. Dókítà tó wà níbẹ̀ kò tíì dàgbà púpọ̀, Píjìn ló sì fi bá ìyá mi sọ̀rọ̀. “Mama, wetin e drink yesterday?”

Ìyá mi wo aṣọ funfun àdúrà àárọ̀ tó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní ibà ni. Dókítà tún bi í. Ìgbà tí bàbá mi tún bì ni ìyá mi tó jẹ́wọ́. Bí dókítà ṣe gbọ́, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì ti ibi tó wà pariwo pe nọ́ọ̀sì. Ó ní ayédèrú ọtí ni, pé àwọn kan ń po májèlé mọ́ ọn láti mú un pọ̀ sí i, pé ojú ni májèlé náà kọ́kọ́ ń bà jẹ́ kó tó kan èémí. Oògùn tó ń wò ó kò sí lọ́dọ̀ wọn, ìlú Benin la gbọ́dọ̀ gbé e lọ, ọkọ̀ tí yóò gbé e kò sì ní dé kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló lè dá májèlé náà dúró títí di ìgbà náà: ojúlówó ọtí líle. Ó ní ara a kọ́kọ́ dojú kọ ojúlówó, a sì fi májèlé sílẹ̀ ná. Ó ní iṣẹ́ dókítà nìyẹn o, pé kí ẹnikẹ́ni má dán an wò nílé. Kò sì fẹ́ kí a lọ ra òmíràn nígboro, torí kò sẹ́ni tó mọ iye ìgò tí ọkùnrin yẹn ti tà káàkiri.

“You get the correct one for house?” ó béèrè.

Ìyá mi ní a ní in. Ó wá fi kún un pé a ní èkejì náà pẹ̀lú.

Èmi àti ìyá mi sáré padà sílé. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, àwa méjèèjì sì dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó bá ejò níbẹ̀. Ìyá mi kò mọ ìwé kà. “Ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára fún mi,” ó wí. Mo ka ti àkọ́kọ́, mo ka ti èkejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo tún un kà, bóyá lẹ́tà kan á yàtọ̀. Kò yàtọ̀. Ọ̀kan nínú wọn lè gba bàbá mi là, èkejì yóò pa á, a ò sì mọ èwo ni èwo. Ìyá mi kó méjèèjì.

Ilé Bàbá Ìjẹ̀bú wà lójú ọ̀nà tí a fi ń padà sí ilé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sọ́jà, ó rò pé ọtí àná ni kò tíì dá lójú ọkọ òun. A bá a lórí ẹní lábẹ́ fèrèsé. Fèrèsé náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, oòrùn sì ràn sí i lójú.

“Ìyàwó wa, ṣé ìwọ nìyẹn? Bá mi ṣí fèrèsé yìí,” ó wí. “Àbí ilẹ̀ kò tíì mọ́ ni?”

Ìyá mi di ọwọ́ mi mú títí ó fi dùn mí. Lẹ́yìn náà ló figbe ta, àwọn aládùúgbò sì bá wa gbé e sínú ọkọ̀.

Dókítà ṣí ìgò méjèèjì, ó gbóòórùn wọn, ó mi orí. Òun náà kò mọ̀. Bàbá mi, tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tó kọjú sí ògiri, ló sọ̀rọ̀.

“Ẹ fi kan ahọ́n mi.”

Ìyá mi ní rárá. Dókítà ní ẹ̀kán kan kò lè fi ohunkóhun kún èyí tó ti wà nínú rẹ̀. Ó fi òwú díẹ̀ tọ́ ìgò kan, ó fi kan ahọ́n bàbá mi, ó fi òmíràn tọ́ èkejì. Bàbá mi dijú bó ṣe máa ń ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí ojú náà ń rí mọ́. Ó ní ti àkọ́kọ́ ṣófo, èkejì ni tiwa. Dókítà kọ ẹ̀yìn sí i, ó pààrọ̀ òwú láìsọ fún un. Bàbá mi tún mú ìgò kan náà. Dókítà tún kọ ẹ̀yìn sí i. Lọ́tẹ̀ yìí bàbá mi tọ́ ọ wò, kò sọ nǹkan kan. Ó tún tọ́ ọ wò. Mo rò pé ahọ́n rẹ̀ náà ti ń kú lọ bí ojú rẹ̀. Mo fi ojú pamọ́ sí ẹ̀yìn ìyá mi.

“Doctor,” bàbá mi wá wí, “na the same one you give me two times. No use me play.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni dókítà ṣe. Ó nu òógùn iwájú orí rẹ̀, ó sì gbé ìgò tí bàbá mi yàn fún ìyá mi. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ti ń tọ́jú àwọn mìíràn, nítorí náà dókítà ń wọn ọtí náà pẹ̀lú omi, ìyá mi sì ń fi ṣíbí fún àwọn ọkùnrin méjèèjì. Ìyá mi tí kò jẹ́ kí ọwọ́ òun kan ìgò ọtí rí! Ọtí ń dà sí i lápá aṣọ funfun. Ètè rẹ̀ ń mì, àdúrà ló ń gbà. Èmi ń wo àyà bàbá mi bó ṣe ń lọ sókè sódò. Bí ahọ́n rẹ̀ bá ti tàn án, ọwọ́ ìyá mi ló ń pa á yẹn, ìyá mi sì mọ̀. Síbẹ̀, bí dókítà bá ti ní ó tó àkókò, yóò tún bu ṣíbí mìíràn. Ọ̀sán yẹn ni ọ̀sán tó gùn jù lọ láyé mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ gbé wọn lọ sí Benin, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀kùn, mo máa ń sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n má baà gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

Bàbá mi padà wálé láàyè. Ojú rẹ̀ là, àmọ́ ó ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń wo nǹkan láti inú gíláàsì tó dọ̀tí. Kò lè ka lẹ́tà kéékèèké mọ́, iṣẹ́ akọ̀wé sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ìjẹ̀bú náà kò kú, ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ kò là mọ́ títí ó fi fi ayé sílẹ̀. Ó ti mu ju bàbá mi lọ, a sì pẹ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A kò rí ọkùnrin tó ta ọtí náà mọ́. Ìyá mi, tó kọ́kọ́ ń fi ibà bo ìtìjú mọ́lẹ̀, wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó sì ń ti ojúlé dé ojúlé létí omi, ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n da ọtí tí wọ́n bá rà lọ́wọ́ ọkùnrin náà nù. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn mìíràn dà á nù lójú rẹ̀.

Ayé ti yí padà. Ọkọ̀ òkun kò fi bẹ́ẹ̀ wọ Warri mọ́ bíi ti àtijọ́. Ọmọ ọmọ mi ń gbé ní àdúgbò Ajamimogha ní Warri báyìí, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọn a sì máa jókòó tọ́ bọ́bọ̀nì àti ráì wò, orí fóònù ni wọ́n ń kọ máàkì wọn sí. Wọ́n ń gbọ́ Yorùbá mi, Píjìn ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Mo sọ ìtàn yìí fún wọn lóṣù tó kọjá. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin. Ọmọ ọmọ mi wá fi bí wọ́n ṣe ń fi fóònù yẹ ìgò wò hàn mí, ó ní, “Mama, this one correct. No fear,” ó sì bu díẹ̀ fún mi.

Mi ò tọ́ ọ wò rí láyé mi. N kò mọ ohun tó mú mi gbà á. Mo gbé e sẹ́nu.

Ó dùn. Bàbá mi ti sọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ láti kékeré ni mo ti rò pé yóò korò, pé ọgbọ́n kan wà lára ahọ́n tí yóò kìlọ̀ fún ènìyàn. Ó dùn, ó sì móoru wọ àyà mi lọ, bí ohun tó fẹ́ràn mi.

“Mama, how many mark?” gbogbo wọn ń béèrè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ife sílẹ̀, mo sì ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti rí i dájú pé mo ṣì ń rí wọn.