Lọ́ńdọ̀nù ti Fìdítì

Bí àlejò bá wọ Fìdítì lọ́dún 1976 tó ní òun ń wá Solomon Olúbọ̀dé, àfàìmọ̀ kí wọ́n má sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílùú. Ṣùgbọ́n kó béèrè Lọ́ńdọ̀nù, ọmọdé pàápàá á nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó kọjú sí títì, níbi tí àwọn ọlọ́sàn máa ń pàtẹ sí.

Olúbọ̀dé fẹ́ràn orúkọ náà, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un lọ. Ògúnwálé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lódìkejì títì. Lọ́dún 1962, ilé ẹ̀kọ́ ìránṣọ kan nílùú òyìnbó kọ lẹ́tà sí Olúbọ̀dé pé kó máa bọ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ṣe ìdúpẹ́, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n sì sìn ín dé ìdí mọ́tò. Nígbà tó dé Èkó, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Dókítà gbé fọ́tò náà sókè wò ó, ó ní kò lè wọ ọkọ̀ ojú omi kankan, ikọ́ ife ló wà nínú àyà rẹ̀. Ó ní kó máa wá gba abẹ́rẹ́. Olúbọ̀dé kò padà síbẹ̀ mọ́. Ìtìjú kò jẹ́ kó padà.

Lọ́jọ́ kẹwàá tí wọ́n sìn ín, ó sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Fìdítì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn àti àpótí lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ dákẹ́ lọ kanlẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ògúnwálé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Lọ́ńdọ̀nù, o mà tètè dé.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Olúbọ̀dé náà rẹ́rìn-ín, orúkọ sì lẹ̀ mọ́ ọn láti ọjọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ ohun tí dókítà rí fún Ògúnwálé. Kò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, kò sọ ọ́ fún Hannah ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ìwé òun ni kò pé, ohun tó sọ fún àwọn yòókù nìyẹn. Ó mu àgbo títí ikọ́ náà fi lọ, ó sì mọ́kàn kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Ògúnwálé bá pè é ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín àwùjọ, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ó ń sọ fún un pé, fọkàn balẹ̀, àṣírí rẹ wà lọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́rìnlá ni ọkùnrin yìí fi orúkọ yẹn bora.

Abọ́sẹ̀dé ọmọ rẹ̀ pé ogún ọdún. Ó ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé l'Ọ́yọ̀ọ́, Olúṣínà, tíṣà kan ní Ìlora, sì ní Abọ́sẹ̀dé ni òun máa fẹ́. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn débi pé èèyàn á máa tijú nítorí wọn. Ìdílé Olúṣínà wá ní àwọn máa ṣe ìwádìí, bí gbogbo ọmọlúàbí ti í ṣe: ṣé wọn kì í jalè nílé yẹn, ṣé wèrè kò sí níbẹ̀, ṣé kò sí àrùn tó ń bá ìran wọn jà. Ìyá Dorcas, tó jẹ́ alárinà, ta Olúbọ̀dé lólobó pé àwọn àgbà méjì ń bọ̀, ó sì bi í pé ilé ta ni kí òun júwe fún wọn.

Olúbọ̀dé ní, “Ẹ má wulẹ̀ dà wọ́n láàmú káàkiri. Ẹ mú wọn lọ bá Ògúnwálé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí tó o.”

Ọjọ́ tí wọ́n dé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń wò wọ́n láti òdìkejì. Ó rí i tí Ògúnwálé ṣíjú sókè, tó ń rẹ́rìn-ín, tó gbé bẹ́ǹṣì fún wọn. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà mú irin kan nílẹ̀, ó nà án sí i. Ògúnwálé gbà á, ó fi kan ẹnu, ó sì tẹ orí sọ́dọ̀ wọn. Olúbọ̀dé rò pé wọ́n ń yìn òun ni. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí wa ẹ̀rọ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Ìyá Dorcas wá sọ pé àwọn ará Ìlora ti gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ náà, Olúwa kò sì fọwọ́ sí i. Olúbọ̀dé bẹ̀ ẹ́ títí kó sọ òdodo fún òun. Obìnrin náà wolẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Abọ́sẹ̀dé, wọ́n ní kí n bi yín bóyá ikọ́ yẹn ṣì ń yọ yín lẹ́nu.”

Olúbọ̀dé sọdá títì láìwo ọ̀tún wo òsì. Ògúnwálé ń lẹ táyà, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní wọ́n mọ̀ pé ọmọ Ògún ni òun, òun kò sì lè fi ẹnu kan irin kí òun tún parọ́. Ó ní ká tilẹ̀ sọ pé kò sí irin níbẹ̀, bó bá jẹ́ ọmọ òun ló ń lọ ilé ọkọ, òun á fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun.

Olúbọ̀dé ní, “Ìwọ nìkan ni mo sọ fún.”

“Èmi nìkan lo sọ fún, àmọ́ ta ni kò mọ̀? Ọmọ ìlú Ìmíní kan tó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù Èkó ti mú ọ̀rọ̀ náà wálé kó o tó dé. Oníkọ́ ni wọ́n fẹ́ máa pè ọ́ ní gáréèjì lọ́jọ́ yẹn. Mo ti rí i lójú wọn. Mo yára pè ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n lè rí nǹkan mìíràn pè.” Ó nawọ́ sí kọ́ọ̀bù tánganran kan tó dá wà lórí ìṣó lára ògiri. “Kí lo rò pé ó fà á tí kò sẹ́ni tó ń fi tìẹ mumi?”

Olúbọ̀dé ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún òun ni. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wá ìbínú nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣàánú rẹ̀, àánú yẹn gan-an ló sì dùn ún jù.

Nígbà tó délé, Abọ́sẹ̀dé ti gbọ́. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi náà ní i?”

Olúbọ̀dé la ẹnu láti dá a lóhùn. Láti ọdún mẹ́rìnlá, kò bi dókítà kankan léèrè rí bóyá ikọ́ náà lọ lóòótọ́.