Ó Ku Ọ̀la Kí N Ṣẹ̀wọ̀n, Mo Lọ Wá Àgbà ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ó ti pẹ́ nínú mi. Fíìmù kan ló ta á jí lánàá.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Ìgbògbò la wà. Iná wà, ni ọ̀gá mi bá tan tẹlifíṣọ̀n. Fíìmù náà dá lórí ọkùnrin kan tó ku ọjọ́ kan ṣoṣo kó wọ ẹ̀wọ̀n. Ẹ wá wo bí èèyàn ṣe pé lé e lórí! Ìyàwó ń se oúnjẹ, ọ̀rẹ́ ń dì mọ́ ọn, pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé e lórí, orin arò ń dún lábẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń nu ojú ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan nínú àwa ọmọṣẹ́ ní tó bá jẹ́ báyìí ni wọ́n ń ṣe é, òun náà á lọ ṣẹ̀wọ̀n díẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo dìde, mo lọ dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n rò pé mo lọ tọ̀ ni.

Ẹ rí i, èmi náà ti ní irú ọjọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó se oúnjẹ fún mi o.

Ọmọ Ìkìrun ni mí. Ìwé mi ò pọ̀, JS3 ni mo ti dúró, torí náà tí àṣìṣe bá wà nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ bá mi gbójú fò ó. Mo wá sí Ìkòròdú, mo rí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń gbé píọ̀ wọ́tà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń gbé omi lọ sí Ìjẹ̀dẹ́, fóònù mi dún. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló fẹ́ sọ. Bọ́ọ̀lù o! Mo bojú wo fóònù báyìí, bọ́ọ̀sì ti yà kúrò lórí títì, ó ti gbá obìnrin kan tó dúró jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ tó ń retí kẹ̀kẹ́.

Mo tẹ bíréèkì. Mo wo dígí ẹ̀gbẹ́. Ó wà nílẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi, ó ń pariwo: “Bọ̀dá, ẹ má lọ o! Bọ̀dá!”

Mo lọ.

Mi ò ní bò ó fún yín. Mo tẹná mọ́ bọ́ọ̀sì, mo sá lọ.

Orúkọ omi wà lára bọ́ọ̀sì gàdàgbà gadagba, ṣé ibi kankan wà tí mo lè sá sí? Ọjọ́ kejì lọ́lọ́pàá mú mi. Mo wá gbọ́ pé Rìsíkátù lorúkọ obìnrin náà, pé télọ̀ ni ní Ẹ̀pẹ́, pé ó wá kó aṣọ oníbàárà ní Ìgbògbò ni. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti orúnkún.

Mo sọ fún ọlọ́pàá pé kòtò ni mo rò pé mo kó sí. Mo ní mi ò rí ẹnì kankan, mi ò gbọ́ ohùn kankan. Lọ́yà tí wọ́n bá mi wá di ibẹ̀ mú. Ó kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ lọ bẹ àwọn ẹbí obìnrin náà, pé tí mo bá ti bẹ̀bẹ̀, mo ti gbà pé mo mọ̀ nìyẹn. Béèlì ni mo wà ní gbogbo ìgbà tí ẹjọ́ ń lọ. Nígbà tó yá, adájọ́ dá mi lẹ́bi pé mo wakọ̀ níwàkuwà, ó wá sún ọjọ́ tó máa ka iye ọdún fún mi síwájú. Lọ́yà ní kí n múra sílẹ̀, pé ẹ̀wọ̀n ló máa jẹ́. Ó ní adájọ́ máa bi mí bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Kí n kúnlẹ̀, kí n sọ pé mi ò mọ̀ pé mo gbá èèyàn. Ó ní ìyẹn lè dín in kù.

Ó wá ku ọ̀la.

Mo jí láàárọ̀, mo gbálẹ̀ yàrá mi. Ta ni mo ń gbálẹ̀ fún? Mi ò mọ̀. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, a máa ń kí ara wa lọ́tùn-ún lósì tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, tí mo bá jáde, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Ìyá Sọ́díq tó wà ní yàrá kejì nìkan ló kan ilẹ̀kùn mi. Inú mi dùn, mo rò pé ó wá kí mi ni. Ó ní òun ń wo fáànù mi yẹn, pé níwọ̀n ìgbà tí mi ò kúkú ní lò ó fún sáà kan, ṣé kò ní dára kí òun bá mi tọ́jú ẹ̀? Mo yọ wáyà ẹ̀, mo gbé e fún un. Ó ní Ọlọ́run á ṣe é ní jẹ́jẹ́.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí fáànù máa ń wà ṣófo báyìí, ni mo bá ń gbọ́ ohùn obìnrin yẹn. Bọ̀dá, ẹ má lọ o! Mo mọ̀ pé mi ò lè gbé e wọ inú ẹ̀wọ̀n. Mo pinnu pé mo máa lọ bẹ̀ ẹ́, kí lọ́yà máa bínú lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe rí láàárín wa. A kì í dá lọ bẹ ẹ̀bẹ̀ ńlá. Àgbà ló ń ṣíwájú, ẹlẹ́ṣẹ̀ á wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá dá wá, wọ́n á ní kò lẹ́ni tó lè bá a wí. Ta ni mo ní ní Ìkòròdú? Ọ̀gá bọ́ọ̀sì ti lé mi. Mo lọ bá bàbá onílé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi dé Ẹ̀pẹ́.

Wọ́n wò mí títí. “Kí ni kí n wá sọ fún wọn níbẹ̀? Pé ọmọ ta ni ọ́? Ẹsẹ̀ ń ro mí, ọmọ mi.” Mo dúpẹ́, mo fẹ́ máa lọ. Wọ́n tún pè mí padà. “Kọ́kọ́rọ́ yàrá ńkọ́? Ṣé o máa fi sílẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la?”

Mo dá wọ bọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́. A kọjá Ìmọ̀tà báyìí ni ìyá mi pè láti Ìkìrun. Irọ́ ni mo ti pa fún wọn, pé mo fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Wọ́n ṣàdúrà pé omi ò ní gbé mi lọ, pé àlọ mi, àbọ̀ mi. Mo ń ṣe àmín, mo kọjú sí fèrèsé. Ìyá kan tó jókòó tì mí ní, “Àmín lórí tiwa náà o!” Kò mọ nǹkan kan.

Kò ṣòro láti rí ilé Rìsíkátù télọ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mo kọjá níwájú ilé náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò yà. Mo rìn lọ sétí ọ̀sà. Bàbá arúgbó kan jókòó lábẹ́ ahéré, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.”

“Oo. Ẹja ti tán. Ọ̀la ni.”

Mo ní ẹja kọ́ ni mo wá rà, àgbà ni mò ń wá, ẹni tó máa ṣíwájú mi lọ bẹ̀bẹ̀. Bàbá gbójú sókè.

“Àgbà lò ń wá kiri? Ṣé àga òde ni mí, tó o fẹ́ wá rẹ́ǹtì?”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bi mí pé kí ni mo ṣe. Irọ́ yẹn ti mọ́ mi lẹ́nu, òun náà ló kọ́kọ́ jáde. Mo ní mò ń wa bọ́ọ̀sì lọ, mo rò pé mo kó sí kòtò ni.

Bàbá fa òwú já. Wọn ò wo ojú mi.

“Kòtò náà, ṣé ó pariwo?”

Mo kọjú sí omi.

“Torí ọmọ wa ní òun pariwo. Kò sẹ́ni tí kò tíì sọ ọ́ fún ládùúgbò yìí. Ìwọ lo wa bọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn, àbí ìwọ kọ́?”

Háà! Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Fóònù, bọ́ọ̀lù, dígí, ọwọ́ tó nà sí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè. Bàbá pa àwọ̀n tì, wọ́n fọwọ́, wọ́n dé fìlà.

“Mi ò mọ̀ ẹ́ rí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣíwájú ẹ, tó o wá dé ibẹ̀ tó o purọ́, orí èmi lo pa irọ́ náà lé. Ṣé o gbọ́?”

Mo ní mo gbọ́, sà.

Rìsíkátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ń fọwọ́ yí máṣíìnì. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tó ń lò tẹ́lẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ti kó aṣọ jọ lé e lórí. Bàbá kí wọn ní sálámà. Èmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀. Ìyá rẹ̀ jáde láti inú ilé, ó bi bàbá pé ọmọ ta nìyí?

Bàbá ní, “Ọmọ ọ̀nà ni. Òun ló wa bọ́ọ̀sì. Ó wá bẹ̀bẹ̀, kò lẹ́nì kankan, ìyẹn ni mo ṣe tẹ̀ lé e.”

Ìyá fìbínú sọ̀rọ̀! Ó ní ẹsẹ̀ wo ni mo fẹ́ bẹ̀, èyí tó wà ni àbí èyí tí wọ́n ti sin? Ó ní kí bàbá gbé ẹrù wọn kúrò lójú òun. Mi ò dìde. Máṣíìnì dákẹ́.

Rìsíkátù ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ná, màámi.” Ó wá kọjú sí mi. “Ṣé o gbọ́ mi?”

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Kò bèèrè ìdí tí mo fi gbá òun.

“Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Bọ̀dá lẹ pè mí. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì.”

Ó sọ pé ní kóòtù, lọ́yà mi bi òun bóyá ìrora ló jẹ́ kí òun máa rò pé òun pariwo. Pé láti ọjọ́ náà, àwọn èèyàn ń ṣàánú òun nítorí ẹsẹ̀, wọ́n tún ń ṣàánú òun bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé mọ́. Òun fúnra òun náà ti ń rò ó pé bóyá òun ò pariwo lóòótọ́.

“Níbí yìí, o gbọ́. Lọ́la ńkọ́?”

Ẹ̀yin ará, mo tún tẹ iwájú orí mi mọ́ yẹ̀pẹ̀.

“Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o. Dìde ńbẹ̀, o dí ọ̀nà mọ́ àwọn oníbàárà mi.” Ó sì ń yí máṣíìnì ẹ̀ lọ.

Bàbá sìn mí dé ojú ọ̀nà. Mo rò pé wọ́n máa gbàdúrà fún mi. Wọ́n kàn ní, “Àga ń padà sílé o. Ó kù sọ́wọ́ ẹ,” wọ́n sì lọ síbi àwọ̀n wọn.

Mo padà dé yàrá mi ní Ìgbògbò, mo jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú omi. Mo ka nọ́mbà tó wà nínú fóònù mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí ẹyọ kan tí mo lè pè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé kóòtù pẹ̀lú sílípáàsì àti ọṣẹ nínú ọ̀rá. Mo bojú wẹ̀yìn, mo wo àwọn bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́nì kankan tó wá nítorí mi. Rìsíkátù wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, igi méjì tó fi ń rìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Adájọ́ bèèrè bóyá mo ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Lọ́yà mi ṣẹ́jú sí mi pé kí n kúnlẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Sà, kò sí kòtò kankan. Fóònù ni mò ń wò. Mo rí i nínú dígí. Ó pariwo, ó ní kí n má lọ. Mo gbọ́, mo sì lọ.”

Lọ́yà mi jókòó bí ẹni tí wọ́n tì. Adájọ́ ń kọ̀wé, ó ń kọ ọ́ lọ. Mo gbọ́ ìró igi nílẹ̀ kóòtù, kó, kó, kó. Rìsíkátù ti dìde, ó ń jáde lọ. Wọn ò tíì ka iye ọdún o! Kò dúró gbọ́ ọ. Èyí tó wá gbọ́, ó ti gbọ́ ọ.

Ọdún méjì ni wọ́n fún mi. Lọ́yà ní ẹnu mi ló fà á. Bóyá òótọ́ ni. Mo ti ṣe é tán, mo ti jáde, mo ti ń kọ́ṣẹ́. Ìyá mi ti mọ òtítọ́ báyìí, wọ́n bá mi jà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n wá ní ṣé mo ti jẹun.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ni kí n dọ̀bálẹ̀ kára lè tù mí. Irọ́ ni. Mo ti gba ẹsẹ̀ obìnrin yẹn, mi ò lè dá a padà. Ṣùgbọ́n mo tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀, ìyẹn ni mo lè dá padà, díẹ̀ ló sì kù kí n má dá a padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ èèyàn, ẹ má sọ fún un pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yẹn tì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti bẹ ẹnì kan rí tí kò gbà? Kí lẹ wá ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Mi ò yára kàwé, ṣùgbọ́n mo máa kà á tán, ti kálukú yín.