Àkànní Tó Ń Bu Omi fún Ẹyẹ Ìgbẹ́

Àkànní, ọkọ mi, ẹ ti lọ! Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, n ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ wa ní kí àwọn bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí lédè Òyìnbó. Mo ní rárá. Ìwé kékeré tí mo kà tó fi dágbére fún ọkọ mi. Wọ́n tún ní kí n má dárúkọ ẹyẹ. Kí wá ni n ó sọ?

Gbogbo àdúgbò Gàríkì níbí ní Énúgu ló mọ̀ yín. "Papa Nnunu" ni wọ́n ń pè yín, Bàbá Ẹlẹ́yẹ lédè tiwọn. Ẹ̀yin télọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí í jókòó ti àwọn tó ń ta ẹyẹ lọ́jà títí oòrùn yóò fi mú, tí ẹ ò ní fọwọ́ kan ẹyẹlé kan. Ẹ máa ń wí pé, "Àbẹ̀kẹ́, ẹyẹ tó ń ṣàìsàn a máa ṣe bí ẹni tára rẹ̀ le, bí èèyàn bá ń wò ó. Jẹ́ kó gbàgbé pé a wà níbẹ̀." Èyí tó bá wú ìyẹ́, tó ń tòògbé lọ́sàn-án, ẹ ó fi í sílẹ̀, bó ti wù kó funfun tó. Mo ní kí ẹ ra odídẹrẹ́. Ẹ ní ẹ ò ní ra ẹyẹ tí yóò máa ròyìn ìjà wa fún àlejò.

Ti ẹyẹ ìgbẹ́ ló wá pọ̀ jù. Ẹ kì í jẹ́ ká ká ìbẹ́pẹ tó wà lókè pátápátá. Ti ẹ̀gà ni. Koríko ẹ̀yìn ọgbà tó bá ti so, a ò gbọdọ̀ gé e, nítorí olongo. Nígbà ọyẹ́, tí a ń ra omi lọ́wọ́ onítáńkà, ẹ ó bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ, ẹ ó gbé òkúta sí i láàárín kí ẹyẹ kékeré má bàa rì. Mo pariwo: "Àwa ò tíì wẹ̀, ẹ̀ ń fi omi fún ẹ̀gà!" Ẹ ní, "Àwa mọ ilé onítáńkà. Ṣé àwọn mọ̀ ọ́n?" Mo lọ wẹ ìdajì ara.

Nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀ yín, àwọn ọmọ fẹ́ gbé yín lọ sínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn n'Íbàdàn. Ẹ di ọwọ́ mi mú: "Àbẹ̀kẹ́, má jẹ́ kí n kú síbi tí ilẹ̀ á ti mọ́ tí n ò ní gbọ́ ohùn ẹyẹ." Ẹ̀rù bà mí, nítorí àwọn ọmọ ló ń ra oògùn yín. Síbẹ̀, ọjọ́ tí mọ́tò dé, mo jókòó dí ẹnu ọ̀nà. Mo ní èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé. Wọn ò lè gbé mi. Mọ́tò padà lófìfo.

Lórí àga yín ní ẹ̀yìnkùlé lẹ sùn sí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ẹ ò jí mọ́, tí ẹyẹlé ń dún lórí òrùlé. Ìrora tán. Mo sunkún, àmọ́ àyà mi rọ̀ wọ̀ọ̀: ohun tí ẹ bẹ̀ mí, mo ṣe é. Wọ́n ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ìṣòro. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo jáde lọ wò wọ́n kí n tó bọ́jú. Gbogbo wọn pé. Ọkàn mi balẹ̀.

N ò lọ sí Ìbàdàn kankan. Èmi ni n ó máa bu omi. Ẹ sùn re o, Àkànní, níbi tí ẹyẹ ń kọrin sí.

Ìwọ Àjàní, àbúrò ọkọ mi, tí o yá akọ àti abo ẹyẹlé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn tìrẹ, tí o ò mú ọ̀kan wá dòní: ẹ̀gbọ́n rẹ ti kú, èmi ò kú. Gbé wọn wá.