Òrùlé tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Iléṣà

Mo rántí òórùn tó kọlù wá nígbà tí a ṣí àjà ilé ìyá kan ní Iléṣà, òórùn igi tó ti jẹrà àti ìgbẹ́ àdán. Ìyá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ padà sínú ilé tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ní Òkè Fíà, l'Óṣogbo, mo sì rò pé mo ti gbọ́n. Tẹ́lẹ̀, iye kan ṣoṣo ni mo máa ń dá lé gbogbo iṣẹ́; bí iṣẹ́ bá wá le ju bí mo ṣe rò lọ, èmi ni mo ń pàdánù. Torí náà mo sọ fún ìyá pé owó pákó àti páànù á dá dúró, owó ojúmọ́ àwa òṣìṣẹ́ á dá dúró, n ó sì fi èrè díẹ̀ lé owó ọjà, nítorí wàhálà rírà àti kíkó wọn wá.

Ìyá ní, “Kò burú, káfíńtà.” Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti yé wa.

Àṣé ikán ti jẹ igi òrùlé náà jìnnà. Iṣẹ́ tí a rò pé kò ní pẹ́ wá ń fà. Ìyá á dé, á wo òkè, á wo àwa náà, á sì ka owó ojúmọ́ wa fún wa. Nígbà tó yá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ béèrè iye pákó lọ́jà, ó rí i pé tèmi fi díẹ̀ wọ́n jù.

Ó bi mí pé, “Ṣé iṣẹ́ lẹ wá ṣe ni, àbí pákó lẹ wá tà fún ẹ̀gbọ́n mi?”

“Bọ̀dá, èrè tí mo sọ fún Màmá nìyẹn.”

Ìyá ní, “Mo rò pé inú owó ojúmọ́ lẹ ti máa rí èrè yín ni.” Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Wọ́n dá mi dúró, wọ́n gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn tó dá iye kan lé e. Nígbà tí mo lọ kó irinṣẹ́ mi, mo rí i pé ó ti kan páànù tuntun mọ́ igi jíjẹrà tó wà lápá ẹ̀yìn. Mo mọ ìdí rẹ̀: iye tó gbà kò lè ra igi mìíràn.

Mo ní, “Màmá, igi ẹ̀yìn yẹn ò dáa o.”

“Káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi.”

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo jẹ́ lójú wọn. Mo wọkọ̀ padà sí Òṣogbo.

Lónìí, kí n tó gun òrùlé ẹnikẹ́ni, mo máa ń ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ tún àdéhùn wa sọ fún mi. Bí mo bá lọ sí Iléṣà, mo máa ń yà kí ìyá. Òrùlé náà ṣì wà, a sì máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ìjì bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ni ìyá ń sùn.