Aláàjí fi mí sílẹ̀ lábẹ́ àsíá pupa

Ọ̀rẹ́ mi tà mí lónìí, kò sì gba kọ́bọ̀.

Láti ìgbà tí ọjà ti dẹnu kọlẹ̀ ní Deira, níbi tí a ti ń tajà ní Dubai, etíkun Sharjah tó wà nítòsí ni èmi àti Aláàjí ti ń gba afẹ́fẹ́. Láàárọ̀ yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ ta àsíá pupa pé òkun ń ru, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Mo ní ká padà, ṣùgbọ́n Aláàjí kọ̀:

"Tíṣà, àwọn òyìnbó ni wọ́n ta ìyẹn fún. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí! Ẹ wọlé, mo wà lẹ́yìn yín."

Ìgbì kan ṣoṣo ló gbé mi. Mo wẹ̀yìn: Aláàjí, ọba ọ̀sà, ti wà lórí iyanrìn, ó ń nu irùngbọ̀n.

Ẹ̀ṣọ́ etíkun ló fà mí jáde. Mo ṣì ń bi omi iyọ̀ nígbà tí mo gbọ́ Aláàjí tó ń ṣàlàyé fún un:

"Habibi, mo kìlọ̀ fún un! Bàbá yìí kì í gbọ́ràn."

Ó ń pè mí lórí fóònù lọ́wọ́ báyìí. Ẹ̀yin ará, ṣé kí n gbé e?